Òkúta Tí O Kó Sẹ́nu Ẹ̀rọ Àgbàdo

Èmi, Ẹ́sírà Olúwadáre, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Barnawa ní Kaduna, ni mo mú bírò. Bàbá Jóòbù Ọlọ́runlànà ti Makera ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bàbá kò kàwé. Wọ́n ní ohun tó bá ti ẹnu àwọn jáde ni kí n kọ, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ ata inú rẹ̀. Báyọ̀dé ọmọ wọn ni a ń kọ ọ́ sí. Ó wà nínú igbó níbi tó ti ń ra òkúta tó ní wúrà nínú lọ́wọ́ àwọn awakùsà, fóònù kì í sábà wọlé níbẹ̀. Awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ni yóò mú lẹ́tà yìí dání. Ohun tó fà á ni pé Ìretí, ọmọ Báyọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń ṣàìsàn, dókítà sì ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun kejì wà tó fà á, ṣùgbọ́n Bàbá ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn ó sọ ọ́.

Báyọ̀,

N kò kí ọ. Bí a bá ń kí ènìyàn, àlàáfíà ilé rẹ̀ ni a ń béèrè, èmi sì mọ bí ilé rẹ ṣe rí ju ìwọ tí o ni ín lọ. Adìyẹ ìyàwó rẹ ti kú tán. Ìretí ń bì, inú ń run ún, bó bá dìde, orúnkún rẹ̀ a máa yẹ̀. Òun àti Fúnmi ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní Makera. Mo ti ilé rẹ ní Barakallahu pa. Ẹ̀rọ ìlọta tí ìyàwó rẹ fi ń lọ ata àti àgbàdo fún gbogbo àdúgbò, mo tú bẹ́líìtì rẹ̀, mo ká a, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí o bá fẹ́ ẹ, wá bá mi jà.

Ọjọ́ tí fóònù rẹ wọlé kẹ́yìn, mo bi ọ́ pé, “Báyọ̀, kí ni o lọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí?” O rẹ́rìn-ín. O ní, “Bàbá, òkúta ni o. Òkúta ni òkúta. Ẹ má dààmú, mo ti da ìkúnwọ́ àgbàdo sí i, mo ti fi fọ̀ ọ́.” Ni fóònù bá já.

Ìkúnwọ́ àgbàdo! Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Gbogbo ilé tó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Bí a bá lọ ata tán, tí oníyẹ̀fun dé, a ó da àgbàdo díẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ kó gbá ata jáde. Ìyẹ̀fun pupa tó bá kọ́kọ́ jáde, a ó dà á fún adìyẹ. Ohun tí ìyàwó rẹ ṣe náà nìyẹn, ó da ìyẹ̀fun tí o fi fọ ẹ̀rọ fún adìyẹ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí adìyẹ fi ṣáájú. Ata ni a ń fọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ata a máa ta. Bó bá kù sínú ẹ̀rọ, ahọ́n yóò pariwo. Òjé kì í ta, kò ní òórùn, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Òkúta ni òkúta. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ìwọ tí ọ̀gá kan gbé iṣẹ́ tuntun lé lọ́wọ́ pé kí o máa ra òkúta, ìwọ ni o ń sọ pé òkúta ni òkúta! Ṣé alápatà lè sọ pé ẹran ni ẹran, kó wá gé ajá fún oníbàárà? Ṣé oníṣègùn lè sọ pé ewé ni ewé?

Tísà tó ń kọ̀wé yìí gbé ojú sókè. Ó ní, “Bàbá, òkò àbínújù kì í pẹyẹ.”

Mo ní, “Ẹyẹ wo, Tísà? Adìyẹ ti kú tán ná. Máa kọ̀wé rẹ.”

Ó tún ní àwọn bàbá tó bá ń kọ irú lẹ́tà yìí sábà máa ń fi àṣìṣe ìgbà èwe tiwọn bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ lè rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni bàbá. Mo ní bí mo bá tilẹ̀ ní àṣìṣe, kì í ṣe ọdún yìí ni n ó sọ ọ́. Ẹni tí inú ń bí kì í jẹ́wọ́. Àṣìṣe ẹlòmíràn ni n ó sọ fún ọ, n ó sì sọ ọ́ nígbà tó bá wù mí.

O mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi kò ní ìwé, ọkọ́ ló ní. Bí ọkọ́ bá kan òkúta, yóò mú òkúta náà, yóò fi èékánná ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti rà, yóò ní, “Jóòbù, wò ó, ilẹ̀ ni èyí fẹ́ dà. Òkúta ni bàbá ilẹ̀.” Nígbà tí mo dé Kaduna, kànga ni èmi àti Garba ọ̀rẹ́ mi ń gbẹ́. Lẹ́yìn náà la bá àwọn tó ń gbẹ́ bóhóòlù ṣiṣẹ́. Obìnrin ló jẹ́ olórí wa, Àǹtí Kẹ́mi, tó kàwé nípa òkúta ní yunifásítì. Bí ẹ̀rọ bá ti ń tu òkúta jáde láti inú ilẹ̀, a tẹ́ ẹní, a to òkúta náà sórí rẹ̀, ti òkè sí òkè, ti ìsàlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, òun a sì máa ṣàlàyé wọn fún wa bí ẹni ń pàlọ́. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí n ó sọ yìí. N kò gbọ́n jù ọ́ lọ. Mo béèrè ni. Ìwọ kò béèrè.

Ekínní. Ọ̀tọ̀ ni òkúta, ọ̀tọ̀ ni àlùmọ́ọ́nì. Wo àdàlú. Ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, àgbàdo wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wà kì í ṣe àdàlú, àgbàdo kì í ṣe àdàlú, ìgbà tí wọ́n bá wà pọ̀ ni àdàlú tó dé. Bákan náà ni òkúta rí. Mú akọ òkúta, èyí tí wọ́n ń fọ́ wẹ́wẹ́ fún ilé kíkọ́, gbé e sínú oòrùn. Oríṣi mẹ́ta ni ojú rẹ yóò rí. Ọ̀kan ń dán bí ìgò tó fọ́: a máa ń pè é ní òkúta dígí, àwọn tó kàwé ń pè é ní kúwátísì. Èkejì funfun tàbí pupa rúsúrúsú, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: fẹ́lísípà nìyẹn. Bí òjò bá pa á pẹ́ títí, òun ló ń jẹrà di amọ̀ funfun. Ẹ̀kẹta dúdú, ó ń kọ mànà, o lè bó o ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà: máíkà nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àlùmọ́ọ́nì. Ohun kan ṣoṣo ni, láti òde títí dé inú, ó sì ní bó ṣe ń to ara rẹ̀. Àkójọ wọn ló di òkúta. Ẹni tó bá ń jẹ àdàlú láìwo inú abọ́, bó bá kan òkò, kó má bínú sí eyín.

Èkejì. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà bí òkúta, ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí a gbà bí ènìyàn ló mọ ìwà rẹ̀.

Iná ló bí àwọn kan. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru pọ̀ débi pé òkúta ń yọ́ bí òrí. Bí èyí tó yọ́ bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹyọ inú rẹ̀ a ráyè dàgbà. Ìyẹn ni akọ òkúta, ẹyọ rẹ̀ tóbi tí ojú fi ń rí i. Bó bá tú sí gbangba tó tutù kíá, ẹyọ inú rẹ̀ kì í ráyè, a dúdú, a kúnná. Bí o bá ti rìn lọ́nà Jọ́ọ̀sì, o ti rí irú wọn, o kàn sùn nínú ọkọ̀ ni.

Omi ló bí àwọn kan. Wo ògì tí Fúnmi bá sẹ́ sínú garawa. Tó bá di àárọ̀, omi wà lókè, ògì ti sùn sísàlẹ̀. Odò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé iyanrìn, ó gbé ẹrẹ̀, ó tò wọ́n lé ara wọn, ti àtijọ́ nísàlẹ̀, ti òní lókè, títí ìwúwo òkè fi tẹ ìsàlẹ̀ di òkúta. Òkúta iyanrìn wà nínú ìran yìí, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì náà wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ni o ti lè bá ìkarahun ẹran omi níbi tí odò kò sí mọ́.

Ìran kẹta ni èyí tó ti jẹ́ nǹkan mìíràn rí. Amọ̀ ni ìkòkò tẹ́lẹ̀. Iná kò yọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè padà di amọ̀ láé. Bí ilẹ̀ bá tẹ òkúta mọ́lẹ̀, tí ooru sì mú un, yóò yí padà láìyọ́. Òkúta sìmẹ́ńtì a di mábù. Akọ òkúta a di abílà, dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun bí aṣọ òfì. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń bá pàdé nísàlẹ̀ kànga ní Kaduna yìí, abílà ni. Yangí pupa tó wà lókè rẹ̀ kò ṣàjèjì: òkúta tó ti jẹrà ni, tí òjò fọ̀, tí oòrùn sun títí ó fi tún le.

Ìran kẹta yẹn ni mo ń rò nígbà tí mo bá rántí rẹ. Mo mọ amọ̀ tí mo fi mọ ọ́. Ọmọ tó máa ń bomi sẹ́nu ọ̀nà fún adìyẹ aládùúgbò kó tó lọ sí ilé-ìwé ni mo tọ́. Iná wo lo kó sí?

Tísà ní ẹ̀kẹta ló kàn. Mo ní kó máa kà á fúnra rẹ̀, n kò ní ìṣirò lórí lónìí.

Bí o ṣe ń mọ àlùmọ́ọ́nì, kì í ṣe àwọ̀ ni kí o fi mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ a máa tanni jẹ. Ha á. Ẹfun, èékánná ha á. Òkúta ọṣẹ, èékánná ha á. Èyí tí èékánná kò bá ha, fi kọ́bọ̀ ha á. Èyí tí kọ́bọ̀ kò bá ha, fi ọ̀bẹ ha á. Òkúta dígí, ọ̀bẹ kò ràn án, òun gan-an ló ń ha ìgò. Lẹ́yìn ìyẹn, mú un nu ẹ̀yìn táìsì níbi tí kò dán, wo ìlà tó kọ. Òkúta kan wà tó ń dán bíi wúrà, òun ni wọ́n ń pè ní wúrà òmùgọ̀, ìlà dúdú ló ń kọ. Ìlà wúrà, yẹ́lò ni, bíi ti ara rẹ̀. Gba ìlà gbọ́, má gba ojú gbọ́. Gbé e lọ́wọ́, mọ bó ṣe wúwo sí. Fọ́ ọ, wo bó ṣe fọ́: ṣé ó là ní pẹlẹbẹ, ṣé ó fọ́ bí ìgò, ṣé ó fọ́ ní igun mẹ́rin mẹ́rin?

Ṣùgbọ́n má fi ahọ́n kan án. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ Garba.

Iyọ̀, àlùmọ́ọ́nì ni. Kàn-ún tí à ń fi se ewédú, àlùmọ́ọ́nì ni. Ahọ́n ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Garba wá gbà pé bó ti ṣe ń mọ kàn-ún ló ṣe máa mọ gbogbo ohun tó bá ti inú ilẹ̀ jáde. Kò sí òkúta tí kì í lá. Mo ní, “Garba, o ó lá ikú lọ́jọ́ kan.” Ó ní, “Haba, Jóòbù! Ahọ́n mi kàwé jù ọ́ lọ.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí Kẹ́mi kò rín. Ó gba òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá Garba, àwọn tí ahọ́n mọ̀ kò pọ̀. Nínú àwọn tó kù, májèlé wà tí kò dùn, tí kò korò.” Garba dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú rírun ló mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ tó fi ń fa agolo yẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga wá ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ń bá a di bọ́tìnnì. Àgbàlagbà nìyẹn o, ó mọ ohun tó ń ṣe, ahọ́n tirẹ̀ ni.

Ìretí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Mo dé ilé rẹ láìsọ tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ọmọ náà jókòó lórí ẹní tí o fi sá lẹ́búlẹ́bú òkúta. Ó ń to òkúta kéékèèké sínú ife. Òkúta aláwọ̀ eérú, ó ń dán bí irin tuntun, gbogbo rẹ̀ fọ́ ní igun mẹ́rin mẹ́rin. Ó na ọ̀kan sí mi.

“Bàbá àgbà, ẹ gba ṣúgà.”

Mo ní, “Ta ló sọ pé ṣúgà ni?”

Ó ní, “Ṣúgà dúdú ni. Kò dùn. Mo ti jẹ ẹ́ wò.”

Mo gbé òkúta náà sórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fa ọwọ́ mi wálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó ha á. Ìyá òjé ni. Inú rẹ̀ ni òjé ti ń jáde, òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n, òjé inú bátìrì ọkọ̀. Òun náà ni àwọn kan ń lọ̀ ta fún tìróò, dókítà sì ti ní kí Fúnmi da tìróò rẹ̀ nù. Ìyá òjé fẹ́ràn àtimáa bá òkúta dígí gbé, wúrà náà a sì máa sá pamọ́ sínú òkúta dígí kan náà. Àlùmọ́ọ́nì ní ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn. Ìwọ rí wúrà, o kò béèrè ẹni tí wúrà jọ ń gbé. O kó wúrà, òkúta dígí àti ìyá òjé àlejò wọn pọ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ, o lọ̀ wọ́n, o fọ wúrà rẹ jáde nínú omi, o lọ. O fi àlejò sílẹ̀ fún ọmọ rẹ.

Mo kígbe pe Fúnmi. Ó sáré jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Mo ní, “Ìwọ ìyàwó mi, o wà nílé tí wọ́n ń lọ òkúta nínú ẹ̀rọ oúnjẹ?” Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mo sọ fún un. Ó ní ṣé ata tó ń ta kì í fọ̀ kúrò ni, kí wá ni ti òkúta tí kì í ta?” N kò bá a jà. Ẹni tó sọ fún ọ tí o kò gbọ́, kì í ṣe òun ni mo ń wá.

A gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní oògùn wà tó lè máa fa òjé náà jáde, ṣùgbọ́n oògùn kò lè ràn án bí ọmọ bá padà sínú ilé tó ti jẹ ẹ́. Ó wá bi Fúnmi, “Níbo lẹ ti lọ òkúta náà?” Fúnmi ní nínú ẹ̀rọ wa. Ó ní, “Ibẹ̀ nìkan?” Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí o tó gbójú lé ẹ̀rọ tòun, o ti ń gbé àpò òkúta jáde láàárọ̀, o sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò mọ ibi tí o gbé e lọ.

Ẹ̀rọ ta ni, Báyọ̀?

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Tísà, fa ìlà sí i nídìí. Ẹ̀rọ kejì kan wà ní Kaduna yìí tí o ti lọ ìyá òjé nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń lọ àgbàdo níbẹ̀ lónìí. Wọ́n ń gbé e délé, wọ́n ń ro tuwo, wọ́n ń bu fún ọmọ. N kò mọ̀ bóyá Makera ni, n kò mọ̀ bóyá àwọn tí à ń kí láàárọ̀ ni. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, o sì wà nínú igbó níbi tí fóònù kò wọlé, o ń ra sí i.

Hájíyà Ladi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tìrẹ wá bá mi níbí. Ó ní, “Baba, kí ló ń ṣe Ìretí? Àgbàdo tí mo lọ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi.” Kí ni kí n sọ? Mo sọ òtítọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bú ọ. Ká ní ó bú ọ ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó kàn ní, “Báyọ̀? Báyọ̀ tó ń kí mi ‘sannu Mama’ ní gbogbo àárọ̀?” Ó dìde, ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń pariwo, “Kada ku ci garin nan! Ẹ má jẹ ìyẹ̀fun yìí o! Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà!” Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, “Baba, àdúgbò wa ti gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ nínú ẹ̀rọ kejì yẹn kò ní Ladi.”

Nítorí náà, ìmọ̀ràn ti tán. Àṣẹ ló kù.

Ọkọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá ni kí o bá padà. Má ní ọ̀gá rẹ kò tíì fọwọ́ sí i. Kí o tó wọkọ̀, wẹ̀, pààrọ̀ aṣọ, fi bàtà iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí eruku tó wà lára rẹ kò mọ̀ pé o ti ronú pìwà dà. Bí o bá dé Kaduna, má kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Lọ sí ibi ẹ̀rọ kejì náà, dúró níwájú ẹni tó ni ín, sọ ohun tí o lọ̀ níbẹ̀ fún un kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà gbọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ “mé jẹ.” Jẹ́ kí ó pa ẹ̀rọ náà lójú rẹ. Tí ó bá gbá ọ létí, dúró, ó tọ́ sí ọ. Lẹ́yìn náà, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o sọ ohun kan náà.

Má rò pé o lè yọ́ ọ sọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ogún ọdún láti fi dúró de òtítọ́.

Má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilé rẹ, eruku yóò kàn gbéra ni. Dúró de àwọn elétò ìlera, ohun tí wọ́n bá ní kí a ṣe ni a ó ṣe. Má sì ta ẹ̀rọ Fúnmi fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bẹ̀ ọ́. Ẹni tó bá rà á yóò fi lọ ata, yóò sì da ìkúnwọ́ àgbàdo sí i pé òun ti fọ̀ ọ́.

N kò ní kí o má ṣiṣẹ́ òkúta. Tísà ń wò mí, ó rò pé mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òkúta ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣe é, ṣùgbọ́n kọ́ ọ. Wá ẹni tó kàwé rẹ̀, bí Àǹtí Kẹ́mi, jókòó lórí ẹní lọ́dọ̀ rẹ̀, béèrè. Kí òkúta tí o bá ń lọ̀ jìnnà sí ilé, kó jìnnà sí kànga, kó má mọ ọ̀nà ilé ìdáná láéláé.

Fúnmi wà lẹ́yìn mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń lọ ata lórí ọlọ ìyá mi. O rántí ọlọ náà. Láti ilé ni mo ti gbé e wá, o sì máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé mo gbé òkúta wá sí ìlú tó kún fún òkúta. Akọ òkúta ni. Iná ló bí i, kúwátísì wà nínú rẹ̀, fẹ́lísípà wà nínú rẹ̀, máíkà wà nínú rẹ̀. Ìyá mi fi ha òkúta mìíràn, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó wo omi rẹ̀, kó tó gbé ata kan lé e. Ìran mẹ́ta ló ti jẹun lórí rẹ̀, kò pa adìyẹ kan.

Ìretí dìde jókòó lánàá. Ó tọ́ka sí i, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé ìyẹn náà ni ṣúgà?”

Mo ní, “Rárá o. Ọlọ ni.”

Ó ní, “Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní, “Ìyá mi.”

Ó ní, “Ta ló máa sọ fún èmi?”

Inú ń bí mi sí ọ, Báyọ̀, Àjàní mi. Yóò máa bí mi títí di ọjọ́ tí ọmọ yìí yóò tún máa sáré. Ṣùgbọ́n n kò dá a lóhùn, mo fi ìdáhùn yẹn sílẹ̀ fún ọ. Lọ dárúkọ ẹ̀rọ kejì. Lẹ́yìn náà kí o wá síbí, kí o wá dá ọmọ rẹ lóhùn.

Bàbá kò lè kọ orúkọ wọn. Èmi Ẹ́sírà gbàgbé yíǹkì sílé, wọ́n sì kọ̀ kí n lọ mú un wá. Wọ́n bu yangí pupa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi omi pò ó, wọ́n sì ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Àmì wọn ló wà nísàlẹ̀ yìí, ó pupa, ó nípọn.

Àwọn tó jẹ́rìí sí i: Fúnmiláyọ̀, ìyàwó Báyọ̀dé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èkejì ni Hájíyà Ladi ti Barakallahu, òun náà fi yangí tẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun yóò bá Báyọ̀ lọ síbi ẹ̀rọ náà, kí ó má baà dá dúró níwájú wọn.